Fóònù Kọ́ Ló Tú Agboolé Ká

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Bí a bá lọ síbi ìgbéyàwó, alága ìdúró á fi gba ìyàwó níyànjú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ á fi ṣe ìwàásù. Ní mọ́ṣáláṣí, àáfà á kì í bọ àárín wáàsí. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò á gbé e sáfẹ́fẹ́ láàárọ̀, gbogbo àwọn tó bá pè wọlé á sì máa gbè é bí ẹlẹ́gbè orin: fóònù ti bayé jẹ́, fóònù ti gba ọkọ lọ́wọ́ ìyàwó, fóònù ti sọ ọmọ di àjèjì nílé bàbá rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ẹnì kan á ti gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, á sì ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ tó wà lórí WhatsApp rẹ̀. Mo ti gbà á títí ó ti sú mi í gbà, lọ́wọ́ àwọn èèyàn tí ojú wọn ì bá ti kúrò lára mi láti ọjọ́ pípẹ́ bí kò bá sí ẹ̀rọ tí wọ́n ń bú.

Kí wọ́n má baà ní mo yí ọ̀rọ̀ wọn po, ẹ jẹ́ kí n tò ó bí àwọn fúnra wọn ṣe máa ń tò ó. Wọ́n ní láyé àtijọ́, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tọmọdé tàgbà á jókòó sójúde, àgbà á pàlọ́, ọmọdé á máa gberin. Lónìí, ẹni mẹ́rin á wà ní pálọ̀ kan, olúkúlùkù á dojú kọ fóònù tirẹ̀. Bí ìyàwó bá bi ọkọ ní ìbéèrè, "hùn-ún" ni yóò gbọ́. Wọ́n ní ẹsẹ̀ la fi ń kí ọlọ́fọ̀ tẹ́lẹ̀: a ó dìde, a ó wọkọ̀, a ó lọ bá a jókòó. Àwòrán àbẹ́là kan lórí fóònù ti tó báyìí, bóyá pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Wọ́n ní ọmọ tó wà ní London ń fowó ránṣẹ́, kò wá fúnra rẹ̀. Wọ́n ní irọ́ pọ̀ lẹ́nu: ẹni tó ṣì wà lórí ibùsùn á ní òun ti dé Ọ̀jọ́ta. Wọ́n ní àlè yíyàn ti rọrùn, ìgbéyàwó ń tú nítorí ohun tí ẹnì kan bá nínú fóònù ẹnì kejì. Wọ́n sì ní nínú ẹgbẹ̀rún ọ̀rẹ́ tí èèyàn ní lórí Facebook, bó bá dọjọ́ àìsàn, a ò ní rí ẹyọ kan tí yóò bu omi wá.

Kò sí èyí tí mo lè sọ pé kì í ṣẹlẹ̀. Èmi náà ti gba àlejò tó béèrè ṣájà kó tó béèrè omi. Ṣùgbọ́n kí nǹkan máa ṣẹlẹ̀ níbi tí fóònù wà, ìyẹn ò sọ pé fóònù ló fà á. A ti mú un, a ti dè é, a ti dá a lẹ́bi, kò sì sẹ́ni tó béèrè ibi tó wà lọ́jọ́ tí wọ́n hùwà náà.

Àtijọ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìwọ̀n yìí, èwo gan-an ni? Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú kó ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí ní ìlú Òṣogùn. Oṣù kẹjọ 1846 ni òun àti ìyá rẹ̀, Àfàlá, tó tún fojú kan ara wọn, ní Abẹ́òkúta. Láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yẹn, ọmọ ti dé Sàró, ó ti di Samuel Crowther, ó ti kàwé, ó ti gbéyàwó, ó ti bímọ, ó ti bá àwọn òyìnbó wọkọ̀ lọ sórí odò Ọya ní 1841, wọ́n sì ti fi jẹ àlùfáà ní London ní 1843. Ìyá ò gbọ́ ẹyọ kan. Ogun àti òwò ẹrú ló yà wọ́n; mi ò sọ pé aago ì bá dá ogun dúró. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìyá tí kò mọ̀ bóyá kóun máa sunkún ọmọ òun tàbí kóun máa retí rẹ̀, èèyàn kì í bá a pàdé nínú àtijọ́ tí àwọn oníwàásù wa fi ń yangàn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìyẹn ti pẹ́ jù, kó wá sí ayé àwọn bàbá wa. Àwọn ọmọ Èjìgbò kún Abidjan. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin àti Ṣakí fọ́n ká Gánà, wọ́n ń ṣòwò títí dé apá àríwá ibẹ̀. Báwo ni ará ilé ṣe ń gbúròó wọn? Ẹni tó bá ń bọ̀ wálé ni wọ́n ń rán. Iṣẹ́ á yí padà lẹ́nu rẹ̀ lójú ọ̀nà, ọmọ tí wọ́n ní kí bàbá àgbà fún lórúkọ sì lè ti máa rìn kí ìròyìn ìbí rẹ̀ tó délé. Nígbà tí ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àlejò tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi kẹ́rù wọn, ní oṣù kọkànlá 1969, èèyàn mélòó ló sọ̀ kalẹ̀ lórí ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ń bọ̀? Mélòó ni kò sọ̀ kalẹ̀ rárá, tí kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó yà sí? Ìyàwó tó fi ogún ọdún retí ọkọ láti Kùmásí, ṣé fóònù ló gbà á lọ́wọ́ tirẹ̀ náà?

Ti ikú ló tún le jù. Bí wáyà bá dé láti ilé pé "Ìyá ò yá, máa bọ̀ kíákíá," ẹni tó gbà á ti mọ̀ pé ìyá ti kú. Ẹni tí wọn ò bá mọ àdírẹ́sì rẹ̀, rédíò ni wọ́n ń fi wá a: wọ́n á sanwó ìkéde, wọ́n á ní lágbájá ọmọ lákáṣègbè, níbikíbi tó bá wà, kó máa bọ̀ nílé. Gbogbo ìlú á gbọ́, bóyá lágbájá nìkan ni kò ní í gbọ́. Àjọṣe tó sunwọ̀n ju tiwa lọ rèé?

Ní 2001 tí fóònù alágbèéká, GSM, dé, fóònù NITEL, ilé iṣẹ́ aago ìjọba, tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò ju bí ìlàjì mílíọ̀nù lọ, fún èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Ilé olówó ló wà, bàbá olówó a sì fi àgádágodo kékeré kan há ojú ibi tí wọ́n ti ń yí nọ́ńbà. N ó padà sórí àgádágodo yẹn. Kí ẹ kọ́kọ́ rántí ohun tí àwọn èèyàn wa ṣe nígbà tí ẹ̀rọ tuntun tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Bí ₦50 ni ìṣẹ́jú kan nígbà náà, ẹni tó bá sì sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, owó odidi ìṣẹ́jú ni yóò san. 2003 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ní ìṣẹ́jú-àáyá. Síbẹ̀ àwọn èèyàn to sábẹ́ agboòrùn àwọn tó ń ta ìpè fóònù lẹ́bàá títì, nínú oòrùn, kí wọ́n lè sọ fún ará ilé pé àwọn ti dé láyọ̀. Ẹni tí kò lówó á fláàṣì: ẹ̀ẹ̀kan, mo ti délé, ẹ̀ẹ̀mejì, pè mí. Ìpè tí ẹnikẹ́ni ò gbé ni wọ́n sọ di ìkíni. Ṣé ẹni tí ọ̀rọ̀ èèyàn rẹ̀ ti kúrò lọ́kàn rẹ̀ ló ń ṣe irú wàhálà bẹ́ẹ̀?

Wọ́n ní fóònù ló pa àlọ́. Tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 1959. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1980, NTA ti ń gbé ètò Tales by Moonlight jáde, tí wọ́n ti ń pàlọ́ fún àwọn ọmọ níwájú kámẹ́rà. Kí ló dé tí àlọ́ fi ní láti wọ stúdíò? Ìdí ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ rílé gbé mọ́. Ẹni tó ń pa á ti kúrò ní agboolé, ó ti gba yàrá kan ní Múṣin, láàárín àwọn ayálégbé tí kò bá a tan. Ọmọ tó ń gbọ́ ọ ti ní iṣẹ́ àṣetiléwá, iná mànàmáná sì ti gba ojú òṣùpá. Ó ku ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó fi fóònù sápò. Lónìí ńkọ́? Bàbá tó ń gbé Mowe tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, ọmọ ò tíì jí nígbà tó bá jáde, ọmọ á ti sùn kó tó wọlé. Owó ilé ló lé e dé Mowe, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ló ń jẹ ìyókù ọjọ́ rẹ̀. Ohùn tó ń wọlé lọ́sàn-án, "Ṣé o ti jẹun? Gbé ìwé rẹ kí n gbọ́ bí o ṣe ń kà á," fóònù ló gbé e wá. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, kí ẹ wá sọ fún mi iye àlọ́ tí yóò pa.

Ti pálọ̀ tó pa rọ́rọ́ náà ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ilé wo ni wọ́n ti tọ́ àwọn tó ń sọ ọ́? Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ̀pọ̀ wa, ọmọdé kì í sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ. Ẹni bá sọ̀rọ̀, ojú burúkú ni yóò rí. Bí bàbá bá ti wọlé, ariwo á rọlẹ̀, a ó dọ̀bálẹ̀, a ó kúnlẹ̀, a ó fà sẹ́yìn. Bàbá á gbé ìwé ìròyìn sójú títí oúnjẹ fi máa délẹ̀. A kò pe ìyẹn ní ìyapa, ìwà ọmọlúàbí la pè é, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí bàbá rẹ̀ ò bá jókòó sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá rí má wá sọ fún mi pé fóònù ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu bàbá.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sídìí àgádágodo, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ta ló ń sọ̀rọ̀ ní àtijọ́, ta sì ló ń fún un láyè? Obìnrin tí kò mọ̀ ọ́n kọ, tó fẹ́ kọ̀wé sí ìyá rẹ̀, á lọ bá akọ̀wé tó gbé tábìlì síwájú pósítọ́fíìsì. Á jókòó, á máa rojọ́ ilé ọkọ rẹ̀ fún ọkùnrin tí kò mọ̀ rí, akọ̀wé á máa sọ ọ́ di "Mo kí yín púpọ̀, àlàáfíà ni mo wà." Bí lẹ́tà bá dé, ọmọ ilé ìwé kan ni yóò kà á sókè lójú gbogbo ilé. Èsì á gba ọwọ́ bàbá ọkọ tàbí àbúrò ọkọ kó tó kan ẹni tó ni ín. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, níbo ni ìyàwó ti lè sọ pé wọ́n ń na òun?

Obìnrin kan náà ti ní fóònù báyìí. Á wọ yàrá, á tilẹ̀kùn, á tẹ̀ ẹ́, á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ní Ìjẹ̀ṣà tàbí Èkìtì tàbí Òǹdó tí ìyá rẹ̀ bí i sí. Ìyá náà, tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀, á gba ohùn tirẹ̀ sílẹ̀, á fi ránṣẹ́. A ti kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ nígbà tí àwọn èèyàn wa ní London ń fi ohùn wọn sínú kásẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Ẹni tó bá rántí bí gbogbo ilé ṣe máa ń yí rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ká mọ ohun tí mò ń wí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ti ìsinsìnyí ò dúró de arìnrìn-àjò kankan. Ìyá lè ki ọmọ rẹ̀ tó wà ní Toronto ní oríkì ní kùtùkùtù, kí orí ọmọ wú nínú òtútù ibẹ̀ kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́. Akọ̀wé wo ló lè kọ ìyẹn sínú lẹ́tà?

Àwọn adití ni kò sẹ́ni tó ń bi léèrè nínú àríyànjiyàn yìí. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ adití fúnra rẹ̀, dá ilé ìwé sílẹ̀ fún wọn ní Ìbàdàn ní 1960. Àwọn tó kàwé jáde níbẹ̀ fọ́n ká, aago NITEL kò sì wúlò fún wọn, àní bó wà nínú pálọ̀ wọn. Bí wọn ò bá kọ̀wé, àfi kí wọ́n wọkọ̀ lọ wo ojú ara wọn. Àtẹ̀jíṣẹ́ ló kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà. Nígbà tí ìpè olójú-kojú wá dé, adití ní Ìbàdàn àti adití ní Àkúrẹ́ lè fọwọ́ wọn sọ̀rọ̀, lédè wọn, láti ibùsọ̀ sí ibùsọ̀, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí ayé ti ń jẹ́ ayé. Ẹ lọ sọ fún wọn pé fóònù ti pa ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ sọ ọ́ fún wọn, fóònù náà ni ẹ máa lò.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kò sí ọ̀rọ̀ sísọ kankan tó sọnù. Èyí tó sọnù ni àṣẹ àwọn tó máa ń pinnu ẹni tó lè sọ̀rọ̀, ẹni tó máa bá a sọ ọ́, àti ìgbà tí ó máa sọ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ àgádágodo yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá. Ọmọ ọ̀dọ̀ lè pe ilé. Ìyàwó ilé lè pe ìyá rẹ̀. Ọ̀dọ́ lè yan ẹni tí yóò bá tàkúrọ̀sọ láìgbàṣẹ. Ohun tí wọ́n ń pè ní àṣírí nínú fóònù, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ju kí èèyàn ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní ìgbéyàwó tú nítorí ohun tí a rí nínú fóònù, ṣé fóònù ló lọ yan àlè náà, àbí ó kàn kọ̀, kò bá yín bò ó mọ́lẹ̀ ni?

Lórí irọ́, n kò ní pẹ́. Ní 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá jáde, tó ń sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ fún gbogbo ayé. Àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́, wọ́n ń kọ̀wé sí i. I. B. Thomas, ọkùnrin tó ni ìwé ìròyìn náà, ló ń kọ gbogbo rẹ̀. Lẹ́tà inú àpòòwé tí wọ́n lẹ sítáǹpù mọ́ sì ni àwọn ọmọ 419 kọ́kọ́ fi ń lu òyìnbó ní jìbìtì, kí ẹnikẹ́ni tó dá Facebook sílẹ̀.

Ó wá ku ti ẹsẹ̀ tí wọ́n ní a kì í fi kí èèyàn mọ́. Bí fóònù bá lè gba ipò ẹsẹ̀ lóòótọ́, ọdún 2020 ni ì bá gbà á. Láti alẹ́ ọgbọ̀nọjọ́ oṣù kẹta ọdún náà ni wọ́n ti ti Èkó pa nítorí kòrónà. A sọmọ lórúkọ lórí Zoom, a ṣòkú lórí Zoom, ó rọrùn, kò ná wa ní aṣọ ẹbí. Nígbà tí wọ́n ṣí ìlú ńkọ́, ṣé a dúró síbẹ̀? Ẹ wo títì ní ọjọ́ Sátidé èyíkéyìí. Òde kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, orí fóònù ni wọ́n sì ti pín ankara, orí rẹ̀ ni wọ́n ti sọ ibi tí wọn yóò ti jẹun. Àwọn ọmọ kíláàsì kan náà tó ti tú ká láti ọgbọ̀n ọdún wá ara wọn rí lórí WhatsApp; bí àìsàn bá dá ọ̀kan wọn dùbúlẹ̀, wọ́n á dáwó ọsibítù kí àwọn ẹbí kan tó pé jọ ṣèpàdé. Àwọn wọ̀nyẹn ló ń gbé omi wá fún aláìsàn.

Ìjọba tiẹ̀ ti bá wa dán ayé tí kò ní fóònù wò. Ní oṣù kẹsàn-án 2021, wọ́n gé gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ìpínlẹ̀ Zamfara nítorí àwọn agbébọn. Ṣé àjọṣe dùn sí i? Ẹni tó ní ará ní abúlé ò mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Àtijọ́ tí ẹ ń retí padà dé bá wọn lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó yọ̀ mọ́ ọn.

Bí ẹ bá wá ń wá ohun tó ń tú agboolé ká, ó wà lójútáyé. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2024, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ òfin kan pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba físà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání. Obìnrin kan á máa wẹ ìyá oníyàá ní Birmingham, ọmọ tirẹ̀ á wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìbàdàn. Alaalẹ́ ló ń pè. Ó ń wo ọmọ bó ṣe ń jẹun, ó ń gbọ́ ọ bó ṣe ń kàwé, ó ń bá a jà nítorí eyín tí kò fọ̀. Òun náà ni ẹ ń pè ní abiyamọ orí fóònù. Àìríṣẹ́ nílé ló lé e jáde, òfin ló fi ọmọ sílẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Fóònù nìkan ló kù tó ń bá a tọ́ ọmọ.

Ẹ̀yin tí gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ yín, lórí pẹpẹ, lórí mínbárì àti lórí rédíò, ọ̀rọ̀ iṣẹ́, owó ilé, ọ̀nà àti físà ni kí ẹ máa bi àwọn ìjọba léèrè láti òní lọ. Kí ẹ sì jẹ́ kí obìnrin yẹn ráyè pe ọmọ rẹ̀.